Bàálù Tí Kò Fò Rí, Ìtàn Tí Kò Ṣẹlẹ̀

Ní ọdún 1986, ilé iṣẹ́ Testor ní Amẹ́ríkà gbé àpótí ohun ìṣeré kan jáde. Bàálù oníke dúdú ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ọmọdé lè fi gọ́ọ̀mù tò pọ̀ lórí tábìlì, wọ́n sì sọ ọ́ ní F-19. Nígbà náà, ìjọba Amẹ́ríkà kò tíì gbà pé òun ní bàálù kankan tí rédà kì í rí. John Andrews tó ya àwòrán rẹ̀ kò fojú kan irú bàálù bẹ́ẹ̀ rí. Ó kó ohun tí ìwé ìròyìn ti ń sọ jọ, ó fi ohun tó mọ̀ nípa bí rédà ṣe ń ṣiṣẹ́ kún un, ó sì fi làákàyè parí ìyókù. Ọjà náà tà wàràwàrà. Inú bí àwọn aṣòfin kan ní Washington: báwo ni ọmọ kékeré ṣe máa gbé lé orí pẹpẹ ohun tí wọ́n ní kí aṣòfin má rí?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, ìjọba ṣí aṣọ lójú bàálù gidi. F-117 ni orúkọ rẹ̀, kò sì jọ ti inú àpótí rárá. Ti Andrews rí róbótó, gbogbo etí rẹ̀ ló tẹ̀ kọrọdọ. F-117 ní tirẹ̀ jẹ́ kìkì igun, ojú pẹlẹbẹ mọ́ ojú pẹlẹbẹ, bí àfọ́kù dígí tí wọ́n tò pọ̀. Kì í ṣe pé àwọn ará Lockheed tó kọ́ ọ kò mọ ohun tó dára lójú. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Denys Overholser kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún wọn tó dá lórí ìṣirò Pyotr Ufimtsev, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sófíẹ̀tì. Ojú pẹlẹbẹ nìkan ni ètò náà lè ṣírò; ibi tó bá tẹ̀ kọrọdọ ju agbára kọ̀ǹpútà ìgbà náà lọ. Ohun tí ẹ̀rọ ìṣirò wọn lè ṣe ló pinnu bí bàálù náà ṣe máa rí.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń gba oorun lójú àwọn tó ń ya bàálù ogun fún ìdíje ìtàn ká-ní. Wọ́n á mú ayé kan tí nǹkan ti gba ọ̀nà mìíràn: ká ní ogun àgbáyé kejì kò parí ní 1945, ká ní Amẹ́ríkà fọ́ sí wẹ́wẹ́, ká ní ìjọba Kánádà kò fagi lé iṣẹ́ kan ní 1959. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè pé bàálù wo ni ayé bẹ́ẹ̀ ì bá ní. Wọ́n á yà á, wọ́n á kàn án, wọ́n á sì kó o sójú òfuurufú kọ̀ǹpútà kí òun àti ti ẹlòmíràn jọ figa gbága.

Pápá ìjà náà pọ̀ díẹ̀. Nínú géèmù Kerbal Space Program, tí ilé iṣẹ́ Squad ní Mexico ṣe, àwọn elére máa ń so àfikún kan tó ń jẹ́ BDArmory mọ́ ọn. Àfikún yìí ló ń fún bàálù ní ìbọn, mísáìlì àti awakọ̀ tí kì í ṣe ènìyàn. Bí ọjọ́ ìdíje bá pé, ẹni tó kan bàálù kò ní fọwọ́ kan nǹkan mọ́. Ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ló máa wà á, kọ̀ǹpútà náà ló máa wa ti ọ̀tá, òun á káwọ́ gbera máa wòran. Àwọn mìíràn ń lo Plane Maker, irinṣẹ́ tó bá X-Plane rìn. Bí èèyàn bá ti ya ìyẹ́ sínú rẹ̀, ètò náà á gé e sí ègé-ègé, á ṣírò ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí ègé kọ̀ọ̀kan, á sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ìyẹ́ bá kéré jù, bàálù kò ní gbéra. Ẹwà àwòrán kò lè bá a bẹ̀bẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni onídàájọ́ àkọ́kọ́. Ìtàn ni èkejì, òun ló sì le jù, nítorí òfin ìdíje lè sọ pé: ọdún 1947 la wà, ẹ́ńjìnnì kan péré, ìbọn nìkan, kò sí mísáìlì. Ẹni tó bá mú nǹkan ọdún 1960 wọ inú rẹ̀ ti kúrò nínú ìdíje kí bàálù rẹ̀ tó gbéra.

Ibi tí wọ́n ti ń rí àwòṣe kò jìnnà. Àwọn ìjọba gidi ti ṣe irú ìdíje yìí rí, pẹ̀lú owó gidi, wọ́n sì ti da púpọ̀ nínú èsì rẹ̀ nù. Ní ọdún 1940, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà fi ìwé kan síta tí wọ́n pè ní R-40C. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ bàálù tó jọ ti àná. Kí àwọn ilé iṣẹ́ gbé àrà dé, kí wọ́n má bẹ̀rù. Mẹ́ta ló mókè: XP-54 ti Vultee, XP-55 ti Curtiss àti XP-56 ti Northrop. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, kí ó máa tì wọ́n dípò kí ó máa fà wọ́n. Ìyẹ́ kékeré tí bàálù yòókù ń gbé sídìí, imú ni XP-55 gbé e sí. XP-56 kò ní i níwájú, kò ní i lẹ́yìn, magnẹ́síọ̀mù ni wọ́n sì jó pọ̀ láti fi ṣe ara rẹ̀. Ní ti XP-54, bí awakọ̀ bá fẹ́ sá jáde lójú ewu, abẹ́ bàálù ni àga rẹ̀ á gbà sọ̀ kalẹ̀, kí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn má baà gé e.

Ẹnikẹ́ni tó bá rí àwòrán wọn lónìí á ní inú fíìmù ni wọ́n ti wá.

Àmọ́ ẹ́ńjìnnì kan tí Pratt & Whitney ń ṣe lọ́wọ́, X-1800, ni wọ́n gbójú lé, Pratt & Whitney sì pa á tì láàárín iṣẹ́. Oníkálukú wá ẹ́ńjìnnì mìíràn tì í. Vultee ti ṣèlérí pé XP-54 á sá ju 800 kìlómítà lọ ní wákàtí kan; nígbà tó fò, ó lé díẹ̀ ní 600 ló rí sá. Ojú XP-55 rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1943, awakọ̀ kan ń dán an wò, ó dín eré rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ fi já ìyẹ́ náà sílẹ̀. Bàálù dojú dé, ẹ́ńjìnnì kú, ó sì ń já bọ̀ ní ìdojúdé fún nǹkan bí 5,000 mítà. Awakọ̀ fi páráṣúùtù bẹ́ sílẹ̀, bàálù fọ́ yángá. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dé ojú ogun.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dọ́ á kọ́kọ́ ya ìyẹ́ tó wù ú, á ya imú ṣóńṣó, lẹ́yìn náà ló máa wá ohun tó máa tì í. Àgbà á kọ́kọ́ béèrè pé ẹ́ńjìnnì wo ló wà lọ́jà ní ọdún náà, báwo ló ṣe tóbi tó, epo mélòó ló ń mu, ta ló lè tà á fún wa. Lẹ́yìn èyí ni á tó fi ara bàálù wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ìrìn àjò Kurt Tank, ọmọ Jámánì tó ń ya bàálù fún Focke-Wulf, fi èyí hàn kedere. Ní ìparí ọdún 1944, Jámánì ń wá jẹ́ẹ̀tì kan kíákíá: ẹ́ńjìnnì kan, eré 1,000 kìlómítà ní wákàtí kan ní gíga 7,000 mítà, ìbọn ńlá mẹ́rin. Iṣẹ́ Focke-Wulf, Ta 183, tí Hans Multhopp yà lábẹ́ Tank, ló borí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945. Ìyẹ́ rẹ̀ fì sẹ́yìn, ìrù rẹ̀ ga fíofío. Kí wọ́n tó kan ọ̀kan ṣoṣo, ogun ti parí. Lẹ́yìn ogun, Tank kọjá lọ sí Ajẹntínà lábẹ́ Ààrẹ Perón, ó sì kọ́ Pulqui II níbẹ̀, tó fò ní oṣù kẹfà ọdún 1950 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Nene tí Rolls-Royce ṣe. Nígbà tí Perón ṣubú, Tank kó ẹrù rẹ̀, ó di Íńdíà. Níbẹ̀ ló ti ya HF-24 Marut, tó fò ní oṣù kẹfà ọdún 1961. Ara Marut lẹ́wà, ó tẹ́ pẹẹrẹ, ó sì yẹ fún eré tó ju ti ìró ohùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì alágbára tí wọ́n yà á fún kò dé; ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ dá san owó rẹ̀, Íńdíà náà kò san án. Orpheus kékeré méjì ni wọ́n fi sí i títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ja ogun ọdún 1971, ó sì jà á dáadáa gẹ́gẹ́ bí bàálù tó ń kọlu ohun tó wà nílẹ̀, àmọ́ kò di ohun tí Tank yà.

Nene tó gbé Pulqui II náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1946, ìjọba Attlee ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí wọ́n ta ẹ́ńjìnnì yìí fún Sófíẹ̀tì. Àwọn ará Sófíẹ̀tì ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n fi sínú MiG-15, èyí tó fò ní ìparí oṣù kejìlá ọdún 1947, ìyẹn ló sì pàdé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lójú sánmà Kòríà. Ẹni tó bá ń wá ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ká-ní, ìwé àdéhùn ọjà kan ti tó. Ká ní wọ́n kọ̀ láti tà á, irú MiG wo ni ì bá dé Kòríà, ọdún wo ni ì bá sì dé?

Ọ̀rọ̀ ohun èlò náà kò ṣeé fojú fò. Nígbà kan náà tí wọ́n ń ya Ta 183, Jámánì ń sáré kọ́ Heinkel He 162, jẹ́ẹ̀tì kékeré tí igi pọ̀ lára rẹ̀ nítorí pé irin títayọ ti wọ́n. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1944 ni wọ́n kọ ìwé rẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ló fò. Ọjọ́ kẹrin sí i, wọ́n kó àwọn ọ̀gá jọ wá wòran. Bó ṣe ń sáré kọjá, etí iwájú ìyẹ́ kan ṣí kúrò lára igi, bàálù dojú kọ ilẹ̀, awakọ̀ Gotthold Peter sì kú. Gọ́ọ̀mù ló fà á. Bọ́ǹbù ti ba ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gọ́ọ̀mù tó dára jẹ́, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ sì ń jẹ igi tó yẹ kó lẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ń ya bàálù Jámánì fún "ọdún 1946" tí gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ lóló, tí kò sọ ibi tí gọ́ọ̀mù ti wá, kò tíì dáhùn ìbéèrè tó pa Peter.

Ní Jàpáánì, àpẹẹrẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni J7W1 Shinden tí ilé iṣẹ́ Kyushu kọ́ láti fi dojú kọ B-29, bàálù Amẹ́ríkà tó ń ju bọ́ǹbù. Imú rẹ̀ ni ìyẹ́ kékeré wà, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn awakọ̀, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì ní ewé mẹ́fà. Nítorí pé kò sí ẹ́ńjìnnì níwájú, ààyè wà ní imú fún ìbọn 30 mílímítà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé e kúrò nílẹ̀, bí imú ṣe gbé sókè ni ìdí rẹ̀ lọ sílẹ̀, orí ewé abẹ̀bẹ̀ sì gbá ilẹ̀. Wọn kò tún bàálù yà. Wọ́n yọ táyà kékeré lára bàálù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́, wọ́n so ó mọ́ abẹ́ ìrù òòró méjèèjì kí ìdí má baà lè lọ sílẹ̀ jù. Ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1945 ló fò. Kò ju ìgbà mẹ́ta lọ tó gòkè kí Jàpáánì tó túúbá.

Táyà kékeré méjì yìí ni àwọn ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ máa ń tọ́ka sí. Bàálù tí ohun gbogbo inú rẹ̀ bára mu gẹ́lẹ́ kì í jọ òótọ́. Èyí tí wọ́n ti lẹ nǹkan mọ́ nígbà tí wàhálà dé ló ń jọ ọ́.

Shinden kò kú síbẹ̀. Ní ọdún 2011, Shoji Kawamori, ẹni tí àwọn bàálù àyípadà inú eré àwòrán Macross ti sọ di olókìkí, ya ASF-X Shinden II fún géèmù Ace Combat: Assault Horizon. Ní ọdún 2023, fíìmù Godzilla Minus One tí Takashi Yamazaki darí gbé Shinden àtijọ́ fò lọ bá ẹranko ńlá náà jà ní ọdún 1947. Nínú fíìmù náà, wọ́n fi àga tó ń ju awakọ̀ síta sínú rẹ̀. Shinden gidi kò ní irú àga bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò rí bí irọ́, nítorí ọ̀rọ̀ Jámánì ni wọ́n kọ sára àga náà, Jámánì sì ti ń fi irú rẹ̀ sínú He 162 kí ogun tó parí. Àròsọ náà ní orísun, orísun náà sì ní ọdún.

Ọdún yìí ló ń tú àwọn ẹlòmíràn fó. Ní 1953, Convair gbé YF-102 jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì retí pé á sá ju ìró ohùn lọ. Kò sá a. Richard Whitcomb ní ilé ìwádìí Langley ti rí ìdí rẹ̀: ibi tí ìyẹ́ bá ti mú kí bàálù fẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fún ìbàdí bàálù náà wọlé, kí afẹ́fẹ́ má baà pàdé ìyípadà òjijì. Convair fún ìbàdí YF-102 pọ̀, ó sì kọjá eré ìró ohùn ní oṣù kejìlá ọdún 1954. Ọdún 1955 ni wọ́n tó jẹ́ kí aráyé gbọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú bàálù oníbàdí tín-ín-rín wá sí ìdíje tó wà ní ọdún 1949, àwọn onídàájọ́ á béèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Nínú iṣẹ́ yìí, ọgbọ́n tó tètè dé náà jẹ́ ẹ̀sùn.

Ìjà fúnra rẹ̀ ní ìṣirò tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, John Boyd, ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, àti Thomas Christie, onímọ̀ ìṣirò, jókòó ní ibùdó Eglin, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà ṣe àfiwé bàálù Amẹ́ríkà àti ti Sófíẹ̀tì. Wọn kò béèrè èwo ló yára jù. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, ní eré báyìí àti ní gíga báyìí, agbára mélòó ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ bàálù láti fi gòkè, láti fi yí tàbí láti fi tún sáré sí i. Ẹni tí agbára kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa yan ibi tí ìjà ti máa wáyé.

Ẹ wo bí eré ṣe lè di ẹrù. Bàálù tó ń sá 540 kìlómítà ní wákàtí kan, tó sì ń yí débi tí ara awakọ̀ fi wúwo ní ìlọ́po márùn-ún, á yípo láàárín òbìrípo tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 470 mítà, á sì parí rẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá ń sá 900 kìlómítà pẹ̀lú ìyí kan náà, nǹkan bí 1,300 mítà ni, yóò sì gba ìṣẹ́jú àáyá 33. Ayàwòrán tó kó gbogbo ìwúwo sínú ẹ́ńjìnnì ńlá tó sì fi ìyẹ́ kékeré sí i lè rí bàálù rẹ̀ tó ń gbá kọjá níwájú ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì rí i mú mọ́. Nínú ìdíje oníbọn nìkan, bàálù tó lọ́ra díẹ̀, tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀, sábà máa ń fi irú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Awakọ̀ kọ̀ǹpútà náà ní ìwà. Nínú BDArmory, ẹni tó kan bàálù lè sọ bí awakọ̀ ṣe máa fa ọ̀pá ìdarí le tó, bó ṣe máa dá ìgbọ̀nrìrì dúró, àti gíga tí kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá. Bí ìfà bá le jù, imú bàálù á máa jù sọ́tùn-ún sósì, ọta á máa gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tá kọjá. Bí gíga tí wọ́n fún un bá ti sún mọ́ ilẹ̀ jù, á lé ọ̀tá rẹ̀ wọ inú òkè. Ọ̀pọ̀ bàálù tó dára lórí ìwé ló ti pàdánù síbẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ náà kò gbẹ́yìn: wọ́n máa ń ti ẹ̀yà kan wọ inú òmíràn kí ọta má baà rí ibi tó máa bà. Irú ẹ̀tàn yìí ló ń sọ ìwé òfin di gígùn.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ayé ni wọ́n ń kọ́, kì í ṣe bàálù nìkan. Jordan Weisman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní FASA gbé Crimson Skies jáde ní 1998, géèmù orí tábìlì tí Microsoft sọ di ti kọ̀ǹpútà ní 2000. Nínú rẹ̀, Amẹ́ríkà ti fọ́ sí orílẹ̀-èdè kéékèèké ní àwọn ọdún 1930. Ibodè ti pọ̀ jù, ojú irin àti títì kò ṣeé gbára lé, nítorí náà ojú òfuurufú ni ẹrù ń gbà nínú ọkọ̀ afẹ́fẹ́ gígùn gbọọrọ, àwọn ọlọ́ṣà sì ń fi bàálù dá wọn lọ́nà. Ìrísí bàálù ibẹ̀, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn àti ìyẹ́ imú, jọ ti XP-55 gan-an. Ó ní ìdí tí ẹnìkan fi máa ra irú bàálù bẹ́ẹ̀: ọjà wà, olè wà, ẹni tó ń sọ́ ọjà náà sì wà.

Ìdí tí ẹnìkan fi máa ra bàálù yìí ló wá mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Avro Arrow, bàálù tí wọ́n ṣe láti lé bàálù Sófíẹ̀tì tó ń ju bọ́ǹbù, tí àwọn ọmọ Kánádà kò tíì dárí ìkú rẹ̀ ji ìjọba wọn. Ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1959 ni wọ́n fagi lé e, wọ́n sì gé àwọn tó ti wà nílẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Nínú ìdíje ká-ní, ojoojúmọ́ ni ẹnìkan ń jí i dìde, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Iroquois tí wọ́n fẹ́ fi sí i àti mísáìlì tó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Arrow jáde kúrò ní ilé ìkọ́lé rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1957, ọjọ́ yẹn gan-an ni Sófíẹ̀tì fi Sputnik sójú ọ̀run. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé Sputnik lè gbé bọ́ǹbù, Arrow kò sì lè lé rọ́kẹ́ẹ̀tì bá. Ẹni tó bá fẹ́ kí Arrow ja ìdíje ọdún 1965 ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tó mú kí Sófíẹ̀tì ṣì máa kó bàálù tó ń ju bọ́ǹbù wá láti Àríwá ní ọdún yẹn, iye tí wọ́n jẹ́, àti inú àpò ta ni owó Iroquois ti máa jáde.